Bí a ṣe ń kan tábìlì eré ogun sínú ilé: pátákó méjì tí a lè so, tí a sì lè tú

Ìbéèrè kan náà ni ẹ̀yin òǹkàwé ń fi ránṣẹ́ lemọ́lemọ́: báwo ni ènìyàn ṣe lè ní tábìlì eré ogun (eré tí a fi ère ọmọ ogun kéékèèké àti dáìsì ṣe) tó dára nínú ilé nígbà tí àyè kò tó, tí ilé náà sì jẹ́ ilé ìyágbé? Ọ̀pọ̀ nínú yín ti ra àwọn ọmọ ogun kéékèèké, ẹ ti tò wọ́n, ẹ ti kùn wọ́n lọ́dà, síbẹ̀ orí kápẹ́ẹ̀tì tàbí orí bẹ́ẹ̀dì ni ẹ ṣì ń tẹ́ ogun náà sí. Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ má ṣe kan tábìlì ńlá tí kò ṣeé gbé kúrò lójú kan. Ẹ ṣe pátákó méjì tí a lè so pọ̀, kí ẹ gbé e lé orí tábìlì oúnjẹ tàbí orí ẹsẹ̀ tó ṣeé ká, kí ẹ sì tú u nígbà tí eré bá parí. Irú tábìlì bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé.

Ẹ mọ ìwọ̀n pápá kí ẹ tó ra pákó

Ìwé òfin eré kọ̀ọ̀kan ni ó ń sọ bí pápá ogun rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Nítorí náà, eré tí ẹ ń ṣe jù lọ ni kí ó pinnu ìwọ̀n tábìlì yín, kì í ṣe àwòrán tábìlì ẹlòmíràn. Íǹṣì ni mo lò nísàlẹ̀ yìí, nítorí òun ni àwọn òṣèré ń fẹnu pè, òun náà sì ni àwọn káfíńtà wa mọ̀ jù.

- Kill Team: 22 × 30.
- Combat Patrol, tí í ṣe ẹ̀yà kékeré Warhammer 40,000: 44 × 30.
- Warhammer 40,000 àti Age of Sigmar, fún ẹgbẹ́ ogun alámì 2,000 (àpapọ̀ àmì tí ìwé òfin fún àwọn ọmọ ogun inú rẹ̀): 44 × 60.
- Marvel: Crisis Protocol: 36 × 36.
- Infinity, àti eré Middle-earth tí ilé iṣẹ́ Games Workshop ń ṣe: 48 × 48.
- Star Wars: Legion: 72 × 36.
- Bolt Action àti Warhammer: The Old World: 72 × 48, èyí tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà 6 × 4.

Ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 6 × 4 ni ẹ ó máa bá pàdé jù nínú fídíò àti àwòrán tó ti pẹ́. Warhammer 40,000 pàápàá ń lò ó tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọdún 2020 ni ìwé òfin rẹ̀ ti sọ 44 × 60 di ìwọ̀n tó kéré jù fún ogun alámì 2,000. Bí òun nìkan ni ẹ ń ṣe, ẹ kò ní láti fi pákó ṣòfò lórí tábìlì tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ tún wo nọ́ńbà kejì àti ìkẹta dáadáa. Pápá Combat Patrol méjì tí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn gan-an ni pápá 44 × 60. Ìdí tí mo fi fara mọ́ pátákó méjì nìyẹn: ẹ lè gbé ẹyọ kan jáde fún eré kúkúrú ní alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, kí ẹ sì so méjèèjì pọ̀ ní ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ yín bá wá pẹ̀lú gbogbo ẹgbẹ́ ogun rẹ̀.

Pátákó tí a ó kàn níbí jẹ́ 48 × 31 ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá so ó pọ̀, ó di 48 × 62, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 122 × 157. Àyè íǹṣì méjì yóò ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gígùn méjèèjì pápá, íǹṣì kan yóò sì ṣẹ́ kù ní ìkangun kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe gé àyè yìí kúrò. Ibẹ̀ ni dáìsì àti tépù yóò máa wà, àti pé ẹní eré tí a rà kì í sábà bá ìwọ̀n tí a kọ sára rẹ̀ mu délẹ̀délẹ̀.

Ẹ wọn yàrá

1. Ẹ fi ìwé ìròyìn tàbí tépù alẹ̀mọ́ sàmì 48 × 62 sí ilẹ̀ ní ibi tí tábìlì yóò wà.
2. Ẹ wọn ó kéré tán íǹṣì 30 sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí túmọ̀ sí pé yàrá tí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 9 × 10 àti díẹ̀ ti tó, bí àga àti bẹ́ẹ̀dì kò bá gba àyè náà.
3. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn yàrá náà, títí kan ti kọ́bọ́ọ̀dù, láti mọ̀ bóyá èyíkéyìí nínú wọn yóò gbá tábìlì.
4. Ẹ dúró síbi àmì náà, kí ẹ na ọwọ́ dé àárín. Àgbàlagbà tó wà lórí ìdúró lè na ọwọ́ dé nǹkan bíi íǹṣì 24 sí 30 láìfi àyà lé orí pápá. Ìdí nìyẹn tí íǹṣì 48 fi jẹ́ òpin fún fífẹ̀ tábìlì, bí ènìyàn bá sì wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni.

Bí yàrá bá fún yín débi pé tábìlì gbọ́dọ̀ fi ara ti ògiri, ìkangun kúkúrú ni kí ó kàn án. Bí ẹ bá fi ẹ̀gbẹ́ gígùn ti ògiri, apá ibẹ̀ kò ní ṣeé débi tí ọmọ ogun bá ṣubú, ẹ ó sì máa fi apá wó ilé àwókù tí ẹ tò síwájú.

Ohun tí ẹ ó rà

- Plywood kan tó nípọn ní ìdajì íǹṣì, ìyẹn mìlímítà 12, tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 × 4.
- Pákó 2 × 2 mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12. Ní Bìrìtéènì, níbi tí wọ́n ti sábà máa ń tà á ní mítà 2.4, ẹ ra márùn-ún.
- Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ fún ìgbátí, tó fẹ̀ ní íǹṣì kan ààbọ̀, tó sì nípọn ní ìdajì íǹṣì. Gbogbo rẹ̀ kò ní ju ẹsẹ̀ bàtà 20 lọ.
- Sikúrù tó gùn ní íǹṣì kan ààbọ̀, àti ìṣó kékeré fún ìgbátí.
- Bóòtì mẹ́ta tó gùn ní íǹṣì márùn-ún, pẹ̀lú wáṣà àti nọ́ọ̀tì abìyẹ́ tí a lè fi ìka yí.
- Gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Top Bond ní Nàìjíríà.
- Sáńpépà kíkan àti èyí tó kúnná.
- Ọ̀dà ògiri olómi, kí ó sì tó fún ojú àti ẹ̀yìn.
- Rọ́bà tí kì í jẹ́ kí rọ́ọ̀gì yọ̀, tí a ó tẹ́ sábẹ́ pátákó.

Ẹ yẹ plywood wò kí ẹ tó san owó. Ẹ gbé e dúró lórí ìbú rẹ̀, kí ẹ fi ojú kan wo etí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ó bá ti tẹ̀ nínú ìsọ̀, kò sí sikúrù tí yóò tọ́ ọ ní ilé. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ihò láàárín awẹ́ igi fi hàn pé wọn kò lẹ̀ ẹ́ dáadáa.

MDF, ìyẹn pákó tí a fi ìyẹ̀fun igi lẹ̀ pọ̀ ṣe, máa ń tẹ́jú ju plywood lọ, ṣùgbọ́n ó wúwo. Odidi MDF onímìlímítà 18 máa ń sún mọ́ kìlógíráàmù 40, nígbà tí plywood onímìlímítà 12 sábà máa ń wà ní nǹkan bí ìdajì ìyẹn. Bí omi bá sì kan MDF, ó máa ń wú, kì í sì í padà sí bó ṣe wà. Ní ilé tí òjò ti ń fọ́n wọ ojú fèrèsé, tàbí tí ife ọtí ẹlẹ́rìndòdò máa ń wà nítòsí, plywood ni kí ẹ mú. Pákó èérún igi tí wọ́n fi ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú kò yẹ iṣẹ́ yìí rárá, nítorí sikúrù kì í dì í mú fún ìgbà pípẹ́.

Gígé pákó

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní ẹ̀rọ ìgépákó bá yín gé plywood. Àwọn ilé ìtajà ńlá bíi B&Q ní Bìrìtéènì àti Home Depot ní Amẹ́ríkà ń bá oníbàárà gé e ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka wọn; ní ọjà pákó nílé, kì í jìnnà sí ìsọ̀ tí ẹ ti rà á. Yàtọ̀ sí pé yóò gún régé, pákó tí a ti gé máa ń wọ inú ọkọ̀ kékeré, odidi rẹ̀ kì í wọ̀ ọ́.

1. Ẹ gé plywood lẹ́ẹ̀mejì ní ìdábùú, ní ìwọ̀n íǹṣì 31 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Pátákó méjì tó jẹ́ 48 × 31 yóò jáde.
2. Èyí tó kù yóò fẹ̀ díẹ̀ kéré sí íǹṣì 34, nítorí pé ayùn máa ń jẹ tó mìlímítà mẹ́ta níbi gígé kọ̀ọ̀kan. Ẹ gé e sí méjì ní agbede méjì 48. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò gba pápá Kill Team tó jẹ́ 22 × 30, àyè yóò sì ṣẹ́ kù. Bí ẹ kò bá ṣe eré náà, ẹ lò wọ́n fún àwo tí ẹ ó máa fi kó ọmọ ogun.
3. Nínú pákó 2 × 2, ẹ gé 48 mẹ́rin, 44 méjì, àti 27 mẹ́rin. Lórí pákó oníẹsẹ̀ bàtà 12, ẹ gé 48, 48 àti 44 láti ara àkọ́kọ́, kí ẹ ṣe bákan náà sí èkejì, kí ẹ sì gé gbogbo 27 láti ara ẹ̀kẹta.

Káfíńtà yóò sọ fún yín pé 2 × 2 wọn kì í pé íǹṣì méjì gan-an. Òótọ́ ni, nítorí náà ẹ wọn èyí tí ẹ rà kí ẹ tó gé 44 àti 27. Ohun tí a fẹ́ ni kí igi 27 wọ àárín igi 48 méjì láìyọ sí ìta, kí igi 44 náà sì wọ àárín igi 27 méjì.

Bí eré yín bá jẹ́ oníẹsẹ̀ bàtà 6 × 4, ẹ gé plywood náà sí 48 × 36 méjì, kí igi kúkúrú yín sì jẹ́ 32 dípò 27. Pákó 2 × 2 mẹ́ta náà yóò ṣì tó nígbà náà, ṣùgbọ́n kò ní sí àyè ní etí pápá, èyí tí yóò mú kí ẹ nílò tábìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún dáìsì.

Kíkan férémù àti síso pátákó méjèèjì pọ̀

Apá yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ ṣe jù. Bí ojú ìsopọ̀ kò bá tẹ́jú, ẹ ó rí i lábẹ́ ẹní, àwọn ọmọ ogun yóò sì máa ṣubú níbẹ̀ títí ayé tábìlì náà.

1. Ẹ fi sáńpépà kíkan ha gbogbo etí pátákó, kí ẹ sì fi èyí tó kúnná parí rẹ̀. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ bo imú, pàápàá bí ó bá jẹ́ MDF, nítorí ekuru rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.
2. Ẹ da ojú pátákó kan délẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ to igi 48 méjì sí etí gígùn rẹ̀ àti igi 27 méjì sí etí kúkúrú, kí gbogbo wọn bá etí plywood dọ́gba.
3. Ẹ gbé igi 44 sí ọ̀gangan íǹṣì mẹ́jọ sí etí tí yóò wà ní ìta, kí ó lọ ní ìbádọ́gba pẹ̀lú igi 48. Òun ni yóò jókòó lórí tábìlì oúnjẹ nígbà tí igi etí bá yọ sí ìta tábìlì náà. Ẹni tí kò fi í sí i yóò rí i pé pátákó rẹ̀ ń mì.
4. Ẹ fi gọ́ọ̀mù sí igi kọ̀ọ̀kan, ẹ yí pátákó padà pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ẹnìkan, kí ẹ sì wọ sikúrù láti ojú plywood sínú igi ní gbogbo íǹṣì mẹ́jọ. Ẹ fi dirílì lu ihò tẹ́ẹ́rẹ́ ṣáájú, kí igi má baà là. Orí sikúrù gbọ́dọ̀ wọlé díẹ̀ sísàlẹ̀ ojú plywood.
5. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí èkejì, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí gọ́ọ̀mù gbẹ.
6. Ẹ da ojú pátákó méjèèjì délẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú jù lọ nínú ilé, kí ẹ fún etí wọn pọ̀ tímọ́tímọ́. Nítorí pé ojú wọn méjèèjì ló kan ilẹ̀ kan náà, wọn yóò dọ́gba láìjẹ́ pé ẹ wọn ohunkóhun. Ẹ lu ihò mẹ́ta gba inú igi méjèèjì kọjá lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan ní àárín, ọ̀kan ní íǹṣì mẹ́fà sí ìkangun kọ̀ọ̀kan.
7. Ẹ ki bóòtì bọ̀ ọ́, kí ẹ fi wáṣà sí i, kí ẹ sì fi ìka fún nọ́ọ̀tì. Ẹ kọ "ọ̀tún" àti "òsì" sábẹ́ pátákó kí ẹ má baà so wọ́n sódì nígbà mìíràn.
8. Ẹ kan ìgbátí mọ́ etí ìta mẹ́ta lára pátákó kọ̀ọ̀kan, kí ó yọ sókè ní ìdajì íǹṣì. Ẹ má kàn án mọ́ etí ìsopọ̀.

Àwọn kan máa ń fẹ́ kí ìgbátí ga tó íǹṣì méjì tàbí mẹ́ta kí dáìsì má baà fò jáde. Èmi kò gbà wọ́n níyànjú bẹ́ẹ̀. Ìgbátí gíga máa ń gé ọrùn ọwọ́, kì í jẹ́ kí a tẹ̀ ba kí a fi ojú ọmọ ogun wo ohun tí ó lè rí, ó sì máa ń dí tépù lọ́wọ́. Ẹ da dáìsì sínú àwo tàbí ìdérí páálí bàtà, ọ̀rọ̀ ti tán.

Ìwọ̀n pátákó kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn iṣẹ́ yìí yóò wà ní nǹkan bíi kìlógíráàmù 11. Ẹnìkan lè gbé e láìsí wàhálà.

Ohun tí yóò gbé e ró

Tábìlì oúnjẹ ni ó rọrùn jù. Ẹ tẹ́ rọ́bà tí kì í yọ̀ sí orí rẹ̀, kí ẹ gbé pátákó lé e, kí igi ìsopọ̀ àti igi 44 méjèèjì sì jókòó sórí tábìlì náà. Tábìlì tó jẹ́ 60 × 36 yóò jẹ́ kí pátákó yọ ní íǹṣì mẹ́fà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kò sì léwu. Bí ohun tí ó yọ bá ti ju íǹṣì mẹ́sàn-án lọ, ẹni tó bá gbé ìgunpá lé etí lè da gbogbo ogun nù. Tábìlì onígíláàsì kò yẹ, ì báà nípọn bí ó ti wù ó rí.

Bí kò bá sí tábìlì oúnjẹ, ẹ lo ẹsẹ̀ méjì tó ṣeé ká, irú èyí tí àwọn káfíńtà máa ń gbé pákó lé láti fi ayùn gé e:

1. Ẹ to ẹsẹ̀ méjèèjì kí wọ́n jìnnà síra ní nǹkan bí íǹṣì 40.
2. Ẹ gbé pákó 2 × 4 méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní íǹṣì 60, lé wọn lórí ní ìdúró, kí àlàfo tó tó íǹṣì 30 sì wà láàárín wọn.
3. Ẹ gbé pátákó lé orí pákó 2 × 4 náà, kí gbogbo igi abẹ́ rẹ̀ dábùú lórí wọn.
4. Ẹ fi ọwọ́ tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí igun kan bá rì tí òdìkejì rẹ̀ sì gbéra, ẹ fa pákó 2 × 4 sún mọ́ etí.

Ẹ ṣírò gíga kí ẹ tó ra ẹsẹ̀. Púpọ̀ nínú eré yìí jẹ́ orí ìdúró, ìwọ̀n tó sì tu ẹ̀yìn lára jù ni nǹkan bí íǹṣì 36 láti ilẹ̀ dé ojú pápá. Pákó 2 × 4, igi abẹ́ pátákó àti plywood yóò fi íǹṣì mẹ́fà ààbọ̀ kún gíga ẹsẹ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ tó ga ní íǹṣì 30 ni ẹ nílò, kì í ṣe 36. Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ tàbí ẹni tí ìdúró ń ni lára yóò fẹ́ ojú pápá tó wà ní nǹkan bí íǹṣì 30. Ẹ dín ẹsẹ̀ kù fún un bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ tí kò tẹ́jú wọ́pọ̀. Bí ẹ kò bá ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì, ẹ fi ìgò olómi tí kò kún sùn sórí pátákó, kí ẹ máa fi páálí kékeré sábẹ́ ẹsẹ̀ títí afẹ́fẹ́ inú ìgò náà yóò fi dúró sí àárín.

Ọ̀dà: ojú àti ẹ̀yìn

Àṣìṣe tó ń ba pátákó jẹ́ jù ni kíkun ojú kan ṣoṣo. Igi máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, ó sì máa ń tú u sílẹ̀. Bí ọ̀dà bá dí ojú òkè tí ìsàlẹ̀ sì wà ní ìhòòhò, ẹ̀gbẹ́ kan yóò máa wú, yóò máa sún kì ju èkejì lọ, pátákó yóò sì tẹ̀ bí àwo. Láàárín ìgbà òjò àti ìgbà ọyẹ́ nílé, tàbí nínú ilé tí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ amúlégbóná, ẹ kò ní pẹ́ rí i.

1. Ẹ fi àdàlù gọ́ọ̀mù àti ìyẹ̀fun igi dí orí sikúrù, kí ẹ fi sáńpépà ha á nígbà tó bá gbẹ.
2. Ẹ kun ẹ̀yìn àti gbogbo etí ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí èkíní gbẹ kí ẹ tó kun èkejì.
3. Ẹ kun ojú ní ẹ̀ẹ̀mejì bákan náà. Àwọ̀ ilẹ̀ tàbí eérú ni kí ẹ mú, kí ibi tí ẹní kò bò má baà tàn gbòò.

Ní ibi tí ikán bá wà, ẹ lè fi Solignum pa ara ẹsẹ̀ àti pákó 2 × 4, kí ẹ fi wọ́n sí ìta títí òórùn yóò fi lọ. Ẹ má fi pa ojú pátákó, nítorí òórùn náà yóò wọ inú ẹní lọ.

Ohun tí a ó tẹ́ sí ojú pápá

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo mọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mo sì tò wọ́n bí mo ṣe fẹ́ràn wọn sí.

*Ẹní rọ́bà.* Irú rọ́bà tí a fi ń ṣe ẹní máúsì kọ̀ǹpútà ni, àwòrán ilẹ̀, kọnkéré tàbí yìnyín sì máa ń wà lójú rẹ̀. Ó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, kì í jẹ́ kí dáìsì pariwo, kì í sì í ha ọ̀dà ara ọmọ ogun. Àléébù rẹ̀ ni owó, pàápàá fún ẹni tí yóò sanwó ìfiránṣẹ́ wá sí Nàìjíríà. Kíká rìbìtì ni kí ẹ máa ká a, kí àwòrán wà ní ìta, ẹ má ṣe pa á bí aṣọ. Ojú ibi tí a pa kì í tẹ́jú mọ́.

*Fẹ́lẹ́ẹ̀sì.* Èyí ni àwọn tó ń tẹ bánà ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú ń lò, kò sì sí ìlú ńlá nílẹ̀ Yorùbá tí a kò ti lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá àwòrán ilẹ̀ tí a yà láti òkè, tí ẹ ti rà tàbí tí ẹni tó ni ín fún yín láṣẹ láti lò. Ẹ jẹ́ kí ó tóbi tó píksẹ́ẹ̀lì 4,400 × 6,000 fún ìwọ̀n 44 × 60, kí ó má baà di bàìbàì. Ẹ sọ fún atẹ̀wé pé ẹ kò fẹ́ èyí tó ń dán, nítorí iná yóò máa kọ mànà lójú rẹ̀, kí ẹ sì sọ pé kó má lu ihò sí etí. Ẹ tẹ́ ẹ sójú afẹ́fẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ kí òórùn íńkì jáde. Bí ẹ bá tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ariwo dáìsì yóò dínkù gan-an.

*Iyanrìn.* Ó lẹ́wà jù, ó sì ń ni ọmọ ogun lára jù. Ẹ̀yìn tí ẹ bá ti pinnu pé ilẹ̀ kan ṣoṣo ni ẹ fẹ́ títí lọ ni kí ẹ tó ṣe é:

1. Ẹ fọ iyanrìn, ẹ sá a, kí ẹ fi asẹ́ jọ̀ ọ́ kí òkúta ńlá kúrò.
2. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa gọ́ọ̀mù funfun sórí apá kékeré pátákó, kí ẹ wọ́n iyanrìn lé e, kí ẹ tó bọ́ sí apá mìíràn.
3. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, ẹ gbọn èyí tí kò lẹ̀ dànù. Ẹ po gọ́ọ̀mù àti omi ní ìdọ́gba, kí ẹ fi pa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.
4. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ fi ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ dúdú kùn ún, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ fa àwọ̀ tó mọ́ jù ú lọ kọjá lórí rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fi fóòmù funfun inú páálí tẹlifíṣọ̀n gbẹ́ òkè sórí pápá, gọ́ọ̀mù funfun àti ọ̀dà olómi ni kí ẹ lò. Ọ̀dà alágolo tí a ń fọ́n àti gọ́ọ̀mù tí àwọn oníbàtà ń lò máa ń yọ́ fóòmù náà. Òkè gbọ́dọ̀ ní ojú tó tẹ́jú tí ọmọ ogun lè dúró sí. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lásán kì í gba ẹnikẹ́ni.

Iná àti fáànù

Gílóòbù kan ṣoṣo lókè orí yóò mú kí òjìji yín máa bo ibi tí ẹ fẹ́ wò. Iná méjì, ọ̀kan sí ìkangun kọ̀ọ̀kan, dára ju ìyẹn lọ. Ẹ ní iná tí a lè ṣáàjì tẹ́lẹ̀ bí iná mànàmáná kò bá ṣeé gbọ́kàn lé ládùúgbò yín. Fáànù òkè lè gbé káàdì àti àwọn igi fífúyẹ́ kúrò lójú pápá, nítorí náà ẹ fi í sí ìyára tó kéré jù.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ogun àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀

- Ẹ fi ìka fa ojú ìsopọ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ga ju èkejì lọ, ẹ tú bóòtì, kí ẹ tún wọn fún.
- Ẹ da dáìsì mélòó kan sí àárín àti sí igun. Wọn kò gbọdọ̀ máa yí lọ sí apá kan náà.
- Ẹ gbé ọmọ ogun tó ga jù sí ibi ìsopọ̀, kí ẹ fi ìdí gbún tábìlì díẹ̀. Bí ó bá ṣubú, ìdè kan ti tú níbì kan.
- Ẹ wọn pápá láti etí dé etí, kí ẹ sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì 44 × 60 sórí pátákó, kí ẹní lè máa bọ́ síbi kan náà nígbà gbogbo.

Bí àyè kò bá sí rárá

Ẹni tó ń gbé yàrá kan lè má nílò gbogbo èyí. Pátákó kan ṣoṣo tó jẹ́ 48 × 31 yóò gba Combat Patrol, ọ̀kan nínú àwọn àjẹkù plywood yóò sì gba Kill Team lórí tábìlì kékeré tàbí lórí àpótí méjì. Èmi yóò bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí n sì kan èkejì nígbà tí àyè bá ṣí sílẹ̀. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ lu ihò bóòtì sára igi ìsopọ̀ àkọ́kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè fi í ṣe àwòṣe fún èkejì. Ẹ tọ́jú àpẹẹrẹ 2 × 2 kan pẹ̀lú, kí igi tí ẹ ó rà lọ́jọ́ iwájú lè nípọn bákan náà.

Kíkó o pamọ́

Ẹ dojú àwọn pátákó kọ ara wọn, kí ẹ fi aṣọ sáàárín, kí ẹ sì gbé wọn dúró ṣánṣán lórí etí gígùn sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, tàbí kí ẹ tì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní ìdùbúlẹ̀. Ẹ má ṣe fi wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri fún oṣù gbáko, nítorí wọn yóò tẹ̀. Ní ilé tí ikán ti ń jẹ ilẹ̀kùn, ẹ fi bíríkì tàbí rọ́bà gbé wọn kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì máa fà wọ́n jáde wò lóṣooṣù. Ẹ di bóòtì, wáṣà àti nọ́ọ̀tì sínú ọ̀rá kan, kí ẹ so ó mọ́ igi abẹ́ pátákó òsì.